Bọ́tìnì Pupa tí í Dá Ẹ̀rọ Dúró

Bí ẹ bá wọ ilé ìtẹ̀wé ńlá, ẹ ó rí bọ́tìnì pupa kan lára ẹ̀rọ, tí orí rẹ̀ gbòòrò bí orí olú. Ẹni tí ẹ̀rọ bá ń fa ọwọ́ bùbá rẹ̀ lọ kò ráyè fi ìka wá nǹkan. Àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìgbọ̀nwọ́ ni yóò fi gbá a.

Ṣùgbọ́n bí eku bá ti jẹ wáyà bọ́tìnì náà já ńkọ́? Ẹlòmíràn rò pé ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni iná ń lọ sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó dúró. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ tí wáyà bá já, a ó tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rọ kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ni iná kékeré kan ń gba inú bọ́tìnì yìí kọjá, òun ló sì ń fún ẹ̀rọ láyè. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, ńṣe ni a gé iná náà. Nítorí náà, bí eku jẹ wáyà já, ẹ̀rọ yóò dúró fúnra rẹ̀. Inú lè bí ọ̀gá. Kí ó máa bí i.

Bọ́tìnì tí a tẹ̀ kì í jáde fúnra rẹ̀. A ní láti yí i tàbí kí a fà á. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbéra, àfi bí a bá tún tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹnìkan lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.