KỌFÍ MAMBILLA: ṢÉ OÒGÙN NI, ÀBÍ OHUN MÍMU LÁSÁN?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná o! Ẹni tó ń jí láago mẹ́rin ìdájí kó lè bá ọkọ̀ ọjà lọ mọ bí oorun ṣe ń fìyà jẹ ènìyàn. Télọ̀ tó ń ránṣọ mọ́jú nítorí ọdún náà mọ̀ ọ́n. Obì ni ọ̀pọ̀ ń jẹ tẹ́lẹ̀ kí ojú wọn lè dá. Ní báyìí, kọfí ti ń wọlé, àwọn kan nínú àwọn tó ń tà á sì ń polówó rẹ̀ bí oògùn. Wọ́n á ní ó ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń fọ ẹ̀dọ̀. Wọ́n á tún fi kún un pé èyí tó ti òkè Mambilla wá kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó wà nínú agolo.

Ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí? Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ tó lè gbẹ̀mí ènìyàn náà wà níbẹ̀.

NÍBO LÓ TI WÁ?

Ìpínlẹ̀ Taraba ni òkè Mambilla wà, ilẹ̀ tó jẹ́ ara Gongola kí wọ́n tó dá Taraba sílẹ̀ lọ́dún 1991. Ibẹ̀ ga ju 1,500 mítà lọ, ó sì tutù débi pé ẹni tó bá ti Èkó lọ á wá súwẹ́tà kiri. Otútù yìí gan-an ni kọfí tí wọ́n ń pè ní arábíkà fẹ́. Orí òkè ilẹ̀ Ethiopia ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Èyí tó ń hù nílẹ̀ tó gbóná, bíi ti agbègbè Kàbbà, róbọ́sítà ni. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀, tó wà ní Ìdí Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn, ló ń ṣèwádìí kọfí pẹ̀lú kòkó, obì àti kajú. Wọ́n ní ẹ̀ka ní Kusuku, lórí òkè Mambilla níbẹ̀.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Ohun tó ń lé oorun lọ nínú kọfí ni wọ́n ń pè ní káfíìnì. Òun kan náà ló wà nínú obì àti nínú tíì. Nínú 100 gíráàmù kóró arábíkà, káfíìnì ibẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 1 sí 1.5 lọ. Ti róbọ́sítà máa ń tó gíráàmù 2 sókè. Ìdí nìyẹn tí arábíkà kì í fi í le tó róbọ́sítà, tí kì í sì í korò tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu ife arábíkà méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohun tí ife róbọ́sítà kan máa fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó fúyẹ́, ẹ máa mu ún bí omi!

ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀

Àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń mu kọfí fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n rí i pé àtọ̀gbẹ àti àrùn ẹ̀dọ̀ kì í sábà mú àwọn tó ń mu ún níwọ̀nba tó bó ṣe ń mú àwọn tí kì í mu ún. Lọ́dún 2016, àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ kọfí kúrò lára ohun tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ kí àrùn má tètè mú ènìyàn yàtọ̀ sí kí a wo èyí tó ti wà lára. Ìwádìí wọ̀nyẹn ò sọ pé kọfí ń wo àtọ̀gbẹ. Kọfí lápapọ̀ ni wọ́n sì wò, kì í ṣe ti Mambilla nìkan. Bí ìyá kan bá torí kọfí pa oògùn dókítà tì, ṣúgà á máa gùn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, títí egbò ẹsẹ̀ tí ò jinná á fi dé. Ta ló máa bá a ṣọ́ ìsọ̀ rẹ̀ nígbà náà?

TA LÓ YẸ KÓ ṢỌ́RA?

Àwọn aboyún ni àkọ́kọ́. Ife kọfí sísẹ́ kan tó gba 200 mililítà máa ń ní bíi 90 miligíráàmù káfíìnì. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ lọ́dún 2015 pé kí aboyún má kọjá 200 lóòjọ́, kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má sì kọjá 400. Ìyẹn ni pé ife méjì ti tó aboyún. Tó bá sì ti jẹ obì lọ́jọ́ náà, ó ti jẹ nínú ìṣirò yẹn. Káfíìnì tó pọ̀ lè mú kí ọmọ kéré nígbà ìbí, ó sì lè ba oyún jẹ́.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún, omi ni kí ẹ fi lò ó, kì í ṣe kọfí. Kọfí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa lára.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru náà, ẹ rọra o. Káfíìnì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè fún wákàtí mélòó kan. Ẹ má mu ún kí ẹ tó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkìkì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìn tó mu ún tán, kó dín in kù.

Kọfí tí wọ́n kàn sè nínú ìkòkò láìfi pépà sẹ́ ẹ máa ń fi kún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, asẹ́ tíì lásán ò sì lè gba ọ̀rá náà dúró. Ẹ jẹ́ kó lọ wọ́rọ́wọ́ kí ẹ tó mu ún, torí ohun mímu tó gbóná janjan lè ṣe ọ̀nà ọ̀fun níjàǹbá. Kóró tó bá ti bu, ẹ dà á nù, iná ò lè pa gbogbo oró rẹ̀. Ẹ má sì mu ún ní ìrọ̀lẹ́: lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì káfíìnì náà ṣì wà lára.

Tí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ń mu kọfí, kí ẹ sì sọ iye ife. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun mímu tó dára ni kọfí Mambilla, ọmọ ilẹ̀ wa ló sì ń gbìn ín. Ẹ mu ún níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ da oògùn dókítà nù o!