Bí Ohùn Ṣe Ń Gba Ojú Ọ̀run Dé Ọ̀nà Jíjìn

Ní ìgbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, a máa ń kóra jọ ní alẹ́ sí ìdí rédíò ọ̀gá tí ń tọ́jú ilé ibùgbé wa. Ohùn láti Lọ́ńdọ̀nù a máa ròkè, a sì máa rẹlẹ̀ bí ìgbì òkun. Gbígbọ́ nìkan ni tiwa. Kò sí bí a ṣe lè dáhùn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí wa, mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè dáhùn lónìí, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, láìsan owó ìpè.

Àwọn ènìyàn wà káàkiri ayé tí wọ́n ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà, kì í ṣe nítorí èrè. Amateur radio ni a ń pè é. Ìjọba ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ àti àmì ìdánimọ̀. 5N ni ti Nàìjíríà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbì rédíò kékeré tí a ń mú lọ́wọ́ a máa lọ tààrà. Nígbà tí ayé sì rí roboto, ilẹ̀ a bò ó mọ́lẹ̀ kí ó tó rìn jìnnà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé alárinà sí ojú ọ̀run. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1961 ni èkínní wọn, OSCAR 1, gòkè. Ọ̀rọ̀ ìkíni kúkurú kan ṣoṣo ni ó ń tún sọ. Nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ ni ó ń gba ohùn wa lórí ìgbì kan, tí ó sì ń dá a padà lórí ìgbì mìíràn lójú ẹsẹ̀.

Bí sátẹ́láìtì bá ti ga tó ni ohùn ṣe ń jìnnà tó. Ibùdó Òfurufú Àgbáyé, ISS, ga tó nǹkan bí 400 km. Ẹni méjì tí 4,500 km wà láàárín wọn lè gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀. AO-7 ga tó 1,450 km, ó sì lè so ẹni méjì tí ó fi nǹkan bí 7,900 km jìnnà síra pọ̀. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, tàbí sí Salvador ní Brazil níbi tí àtọmọdọ́mọ Yorùbá pọ̀ sí, kò ju nǹkan bí 5,000 km lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ìgbà tí sátẹ́láìtì bá wà ní àtàrí wa ni ohùn ń jìnnà jù lọ. Ìgbà tí ó bá wà nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀run gbé dà bí ẹni pé ó fara kan ilẹ̀, ni. Bí ó ti ń wọ̀ lójú ẹnì kan ni ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ lójú ẹnì kejì, àkókò tí àwọn méjèèjì sì fi jọ ń rí i kúrú púpọ̀.

Nítorí náà ni ìmúrasílẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì. Fóònù yóò sọ àkókò tí yóò yọ. A óò dúró síbi tí igi àti ilé kò ti dí ojú ọ̀run, a óò sì máa fi áńténà ọwọ́ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. ISS kì í sábà ju ìṣẹ́jú 10 lọ kí ó tó kọjá. Ìgbì náà a sì máa yí díẹ̀díẹ̀, bí ohùn fèrè ọkọ̀ tí ó ga bí ó ti ń bọ̀, tí ó sì rẹlẹ̀ nígbà tí ó bá kọjá. Ọwọ́ ní láti máa yí rédíò tẹ̀lé e. Òfin ọmọlúàbí ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá tíì gbọ́ sátẹ́láìtì kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kí ó má baà dí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

AO-7 yìí ní ìtàn. Ọdún 1974 ni ó gòkè. Ní 1981 bátìrì rẹ̀ bàjẹ́, gbogbo ènìyàn sì kà á sí òkú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2002, ohùn rẹ̀ tún jáde! Bátìrì tí ó ti ń fa iná náà mu ti já kúrò, iná oòrùn sì ń bọ́ ọ tààrà. Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ràn sí i, a jí. Bí òjìji ayé bá bò ó, a sùn. Èmi tí mo ti ń wàásù àjíǹde láti ọjọ́ yìí wá kò lè gbọ́ èyí kí n má rẹ́rìn-ín.

Nǹkan wọ̀nyí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2017, Nigeria EduSat-1, tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ní Jàpáánù, wọ ojú ọ̀run. Gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kò ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìgbì amateur radio ni ó sì lò nígbà náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi ní ọdún àjọyọ̀ yìí nìyí: nínú ohun tí a óò fi ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ, ẹ jẹ́ kí rédíò kan, áńténà kan, àti ìwé àṣẹ tí ó yẹ wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé inú ISS a máa bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí irú rédíò bẹ́ẹ̀. Àwa gbọ́, a kò lè dáhùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dáhùn.