Owó gbà-má-bínú fún àwọn kádẹ́ẹ̀tì tó farapa ní Íńdíà

Owó gbà-má-bínú fún àwọn kádẹ́ẹ̀tì tó farapa ní Íńdíà jẹ́ owó oṣooṣù tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà ń san fún ẹni tí ó di aláàbọ̀ ara lẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti di ọ̀gá ológun, tí wọ́n sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dá padà sílé. Òfin kò kà á sí owó ìfẹ̀yìntì. Owó àánú ni ó kà á sí. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní National Defence Academy (NDA), tó wà ní Khadakwasla lẹ́bàá ìlú Pune, ọdún mẹ́ta ni kádẹ́ẹ̀tì fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ogun pọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ń lọ sí iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ yóò lo ọdún kan sí i ní Indian Military Academy ní Dehradun. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ẹṣin gígùn àti odò wíwẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe ní NDA. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè forí gbá, eegun ẹ̀yìn sì lè kán. Ẹni tó ń wọ ibẹ̀ kì í tíì pé ọmọ 20 ọdún.

Ọjọ́ tí kádẹ́ẹ̀tì bá gba ìwé àṣẹ oyè rẹ̀ ni òfin tó kà á sí ọ̀gá ológun. Bí iṣẹ́ bá sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara lẹ́yìn ọjọ́ náà, owó ìfẹ̀yìntì tọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ṣáájú rẹ̀, lójú òfin, kò tíì ṣiṣẹ́ ológun rí. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni ti kúrúùtù, ìyẹn ọmọ ogun lásán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà: bí wọ́n bá dá a padà nítorí àìlera, tí wọ́n sì fún un ní owó ìfẹ̀yìntì àìlera, òfin kà á mọ́ àwọn ológun-fẹ̀yìntì. Kò ka ẹni tí wọ́n ń kọ́ láti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ mọ́ wọn.

Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ológun ló ń pinnu bóyá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló fa àìlera náà tàbí ló mú un burú sí i, àti ìdá mélòó nínú 100 tó jẹ́. Ìdá yìí ni wọ́n fi ń ṣírò owó. Ní ọdún 2025, àwọn ìwé ìròyìn Íńdíà kọ ọ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà jẹ́ nǹkan bí 40,000 rúpì lóṣù. Nígbà náà, ẹni tí kò lè dá dìde lórí ibùsùn ní láti yọ owó oògùn àti ti olùtọ́jú nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn The Indian Express ti kọ nípa wọn, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Íńdíà fúnra rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pẹjọ́. Ìròyìn náà sọ pé láti ọdún 1985, bíi 500 kádẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti dá padà sílé. Adájọ́ B. V. Nagarathna àti R. Mahadevan bi ìjọba nípa àfikún owó, ìbánigbófò, àti iṣẹ́ tí àwọn tí ara wọn bá ti le díẹ̀ lè ṣe. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba gbà kí àwọn kádẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí wọ ECHS, ètò ìlera àwọn ológun-fẹ̀yìntì. Ìtọ́jú ìlera ni àṣẹ náà dá lé. Kò fọwọ́ kan iye owó oṣooṣù.