Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko: Ọ̀rọ̀ Ẹni Tí Kò Rí Ilé Gbé Kan Ẹgbẹ́ Wa

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé la fẹ́ bá yín sọ. Àwọn kan lè máa bi ara wọn pé, kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ ilé? Ó kàn wá gan-an ni. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò sùn lálẹ́ kò lè mọ ibi tí yóò tọ́jú ọjà rẹ̀ sí. Ẹni tí kò sì níbi tọ́jú ọjà, kò ní pẹ́ jẹ owó ọjà tán, kò sì ní lè dá owó ìfipamọ́ lọ́dọ̀ wa mọ́.

Bí ẹ bá gba ọjà Odò-Ògbè kọjá lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú, ẹ ó rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ ló ń dúró de mọ́tò. Àwọn kan ń tẹ́ ẹní wọn ni. Àwọn èèyàn a máa yára pè wọ́n ní ọ̀lẹ tàbí wèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alábàárù wà nínú wọn, ọmọ iṣẹ́ tí kò ní ẹbí nílùú wà níbẹ̀, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú tí àwọn àna sì lé jáde náà wà níbẹ̀. Lóòótọ́, àwọn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ tiwọn sì ń bọ̀ níwájú. Ká má gbàgbé àwọn tí ojú wa kì í rí: ẹni tó ń sùn ní pálọ̀ ọ̀rẹ́, ẹni tó fi ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe yàrá, ẹni tó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù tó fi ń ta ọjà.

Báwo la ṣe dé ibí? Nígbà àwọn baba wa, agbo ilé ló ń fún olúkúlùkù ní ibùgbé. Bí ọmọkùnrin bá tó gbé ìyàwó, wọn a fi ibi tí yóò mọlé sí hàn án, ẹgbẹ́ rẹ̀ a po amọ̀, wọn a ṣe ọ̀wẹ̀, ilé a sì dúró. Àlejò tó bá wọ̀lú, olórí ẹbí a wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí fún un. Ìgbà tí sìmẹ́ǹtì, bùlọ́ọ̀kù àti páànù gba ipò amọ̀ àti ewé, ilé di ohun tí a ń fi owó rà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gọ́mìnà nítorí gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n tálákà ṣì ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ìwé ilẹ̀ sì ń wọ́n ọ́n lówó.

Ní 1967, Yunifásítì kó láti Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀. Oore ńlá ni fún ìlú wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jẹun lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ ilé-ìwé tó wà nínú ọgbà kò gba gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń jáde wá gba yàrá ní ìgboro ni owó ilé ń gòkè, àwọn onílé sì fẹ́ràn ẹni tí òbí rẹ̀ yóò san owó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000 sọ ọ̀pọ̀ ilé di eérú ní ìhà méjèèjì. Rògbòdìyàn Sábó ní oṣù kẹta 2017 náà jó ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí iná jó ilé rẹ̀ nígbà tó ti di arúgbó, ìgbà wo ni yóò tún kọ́ òmíràn?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní yàrá kan nínú ilé fési-mi-àì-fési-yù jẹ́ ₦120,000 lọ́dún. Bí éjẹ́ǹtì bá gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún kọ́míṣọ̀n, tí àgírímẹ́ǹtì sì jẹ́ ìdá mẹ́wàá mìíràn, ó di ₦144,000 lójú kan. Ojoojúmọ́ ni alátà ń rí èrè tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, ọmọ a jẹ níbẹ̀, owó mọ́tò a yọ níbẹ̀. Bí a bá pín ₦144,000 yẹn sí oṣù 12, ₦12,000 lóṣù ni, bí ₦400 lójúmọ́. Ẹni tí kò lè kó ₦144,000 jọ lẹ́ẹ̀kan lè san ₦400 lójúmọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé gbogbo wọn kò lówó ilé. Bí a ṣe ń gba owó náà ni kò bá bí owó ṣe ń wọlé fún wọn mu. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní owó ẹ̀yáwó tí a bá fi ra ọjà a máa bímọ, ṣùgbọ́n owó ilé kì í bímọ. Ọ̀rọ̀ wọn ní làákàyè, ó sì yẹ ká dá wọn lóhùn. Ẹ wo ẹni tí onílé lé jáde: ọjà rẹ̀ a fọ́n ká, àwọn oníbàárà rẹ̀ a wá a tì, owó tó yá lọ́dọ̀ wa kò ní padà, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni a ó sì máa lọ kàn lára. Òrùlé ló ń ṣọ́ owó ọjà. Bí èèyàn 100 bá ń dá ₦1,000 lóṣù sínú àpò owó ilé tó dá dúró, ₦1,200,000 ni lọ́dún kan. Ó tó kí èèyàn 8 fi san iye tí a ṣírò lókè yìí, bí wọ́n sì ti ń dá a padà lóṣooṣù ni àwọn mìíràn yóò máa gbà á.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀, a sì ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ilé Bódìjà n'Ìbàdàn ní 1959. Láàárín 1979 sí 1983, Gọ́mìnà Lateef Jákàńdè kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Abẹ́sàn, Ìbà, Ìsọlọ̀, Amúwó-Ọ̀dọ̀fin àti ibòmíràn l'Ékòó. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn ilé náà. Bí onígbá bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tó ti fín kò lè parun.

Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà lè gba ilé lórí èèyàn. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, àwọn bí 300,000 ni wọ́n sì sọ di aláìnílé lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méje péré. Ní 2016 àti 2017 wọ́n tún wó Ọ̀tódò Gbàmẹ̀, níbi tí àwọn Ègùn apẹja ń gbé, èèyàn tó ju 30,000 lọ sì pàdánù ilé. Àwọn wọ̀nyí kò fi ẹnu lásán sunkún. Wọ́n bá àwọn àdúgbò tálákà mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n sì pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹfà 2017, kọ́ọ̀tù gíga Èkó dájọ́ pé ìwà ìkà tó lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè ni kí a lé èèyàn kúrò nílé láìsí ibòmíràn fún wọn. Ìdájọ́ náà kò tíì dá ilé wọn padà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohùn tálákà tó bá pọ̀ a máa dé etí adájọ́.

Ní ti àwọn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu, ilé nìkan kò tó wọn, wọ́n nílò ilé àti alábòójútó. Ilẹ̀ Yorùbá ti ṣe èyí rí. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé nílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn. Wọn a lọ gba ìtọ́jú, wọn a sì padà sí àárín èèyàn. Ayé wá kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́dọ̀ wa. Láti 2008, ìjọba Finland náà ń fún ẹni tó ń sùn níta ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ ná, kí wọ́n tó máa tọ́jú àìsàn tàbí ọtí àmujù, iye àwọn tí kò nílé níbẹ̀ sì dín kù gidigidi.

Ẹ tún gbọ́ ti Uruguay, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Òfin 1968 jẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé. Ìjọba a yá wọn lówó, ìdílé kọ̀ọ̀kan a sì ṣiṣẹ́ wákàtí 21 lọ́sẹ̀ títí gbogbo ilé yóò fi parí. Ẹgbẹ́ ló ni ilé, ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gbé e. Kí nìyẹn, bí kì í bá ṣe ọ̀wẹ̀ àti àáró tiwa?

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ gbé síwájú ìpàdé gbogbogbò nìyí:

1. Kí a dá àpò owó ilé sílẹ̀, kí ìṣirò rẹ̀ dá dúró, kí ẹnikẹ́ni má fi ra ọjà.

2. Kí a bá àwọn ẹbí tí ilé wọn ti ń wó ní ìgboro sọ̀rọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti Ìlódè dé Ìrẹmọ. Kí ẹgbẹ́ bá wọn tún un ṣe, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì gbé e ní owó kékeré fún iye ọdún tí a bá jọ fọwọ́ sí. Olórí ẹbí nìkan kò tó o, àwọn àgbà ẹbí náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé.

3. Kí a forúkọ sílẹ̀ nínú àpò owó ilé kíkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NHF, tí òfin 1992 dá sílẹ̀. Ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé ni èèyàn ń dá, oníṣòwò náà sì lè dá a. Federal Mortgage Bank a máa yá ẹgbẹ́ tó ní ilẹ̀ tó níwèé lówó láti kọ́lé, èlé rẹ̀ sì kéré sí ti báńkì oníṣòwò.

4. Kí a rán aṣojú sí káńsù àti sí Òṣogbo. Èkó ṣòfin ní 2011 pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba owó tó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ká béèrè òfin tí yóò jẹ́ ká lè máa san án lóṣooṣù, ká béèrè ilẹ̀ fún ilé olówó pọ́ọ́kú, ká sì béèrè ilé àti alábòójútó fún àwọn tí ara wọn kò dá.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ onílé nínú wa, a kò bá yín jà o. Ẹ̀yin náà kọ́lé pẹ̀lú òógùn ni. Owó tí ẹgbẹ́ bá ń san fún yín lásìkò sàn ju ayálégbé tí ẹ ó máa wá kiri lọ. Ẹ sì rántí pé onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fúnra rẹ̀ yọ páànù lórí ayálégbé, kọ́ọ̀tù ló ni ìyẹn.

Ẹ rò ó wò kí ìpàdé tó dé, kí ẹ sì mú èrò yín wá, yálà ẹ fara mọ́ ọn tàbí ẹ kò fara mọ́ ọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.