Ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́ja

Warri, ìlú tí Urhobo, Ìjọ̀ àti Itsekiri tí èdè wọn bá tiwa tan jọ ń pè ní ilé, tí àwa ọmọ Yorùbá náà sì ti ń tà tí a ń rà nínú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, jẹ́ ìlú tí ẹnu kì í sinmi. Òfófó a máa jí níbẹ̀ ṣáájú àkùkọ, ẹni tí kò bá sì lè fi ọ̀rọ̀ dá ọ̀rọ̀ lóhùn yóò wálé tòun ti ìtìjú. Mo ti jókòó ní kíláàsì púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Enerhen lọ sí Effurun ni mo ti kọ́ bí a ti í yẹ ọ̀rọ̀ wò.

Ìparí ọdún 2018 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó tì mí ń búra pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti kú sí Lọ́ńdọ̀nù, pé ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril ni wọ́n gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀. Ìtàn yìí, tí Nnamdi Kanu tàn kálẹ̀ lórí Radio Biafra, kò ṣàdédé hù: Buhari lọ gba ìtọ́jú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kò padà títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, ìjọba kò sì dárúkọ àìsàn náà fún aráàlú; ibi tí òótọ́ bá sì ti fi àyè sílẹ̀, irọ́ a máa tẹ́ ẹní síbẹ̀. Buhari fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Poland, ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 yìí, pé òun ni òun. Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín sí i: “Ṣé Jubril á jẹ́wọ́ ni?”

Ìyá ẹlẹ́ja kan, tí agbọ̀n ẹja yíyan rẹ̀ gba orí itan àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló bi í léèrè ní pijin ìlú náà, èyí tó jẹ́ lédè wa pé: “Ọmọ mi, ká ní irọ́ ni, kí lo máa rí tí wàá fi mọ̀?” Ọmọ náà la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ.

Mo rántí oṣù Kọkànlá ọdún 1989, nígbà tí ìròyìn gba Nàìjíríà kan pé Nnamdi Azikiwe, Zik ti Áfíríkà, Owelle ti Onitsha, ti jáde láyé, tí àwọn ìwé ìròyìn gbé e, tí àwọn ènìyàn ń ṣọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá wà láàyè ní Nsukka, kò sì kú títí di ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó ní ilẹ̀kùn ni: ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó wọ ọkọ̀ Nsukka, kó lọ kan ilẹ̀kùn. Ti Jubril kò ní ilẹ̀kùn. Bí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ẹ̀rí ni; bó dákẹ́, ẹ̀rí ni; ọ̀rọ̀ tí ohun gbogbo bá sì ń gbè lẹ́yìn, èmi a máa fura sí i.

Kí ẹ má rò pé mo gbọ́n ju ọmọ náà lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ẹbólà ti wọ Èkó, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lóru pé kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní ta ló sọ. Ó ní ẹnìkan ló pe ẹnìkan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ni wọ́n ń wí. Èmi tí n kò tilẹ̀ mọ ẹni tó rojọ́, mo ti bọ́ ṣòkòtò. Ara yíyún ni tèmi mọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ló kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ní Effurun, ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó sanwó, ó sì tún yíjú padà. “Màmá, etí ni. Ẹ wò ó dáadáa, etí ẹni yìí kò jọ ti Buhari.”

Ìyá náà ti agbọ̀n rẹ̀ sí àyè tó ṣófo. “Ìgbà wo lo ti rí etí Buhari rí?”