Bọ́tìnnì tí Apple yọ kúrò, tó sì tún dá padà

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Apple gbé ẹ̀rọ orin kan jáde tí kò ní bọ́tìnnì kankan lára. iPod shuffle ìran kẹta ni. Kò gùn tó ìka ọwọ́: mílímítà 45 ni gíga rẹ̀, 17.5 ni fífẹ̀ rẹ̀, kò sì wúwo tó gíráàmù 11. Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ lè dì mú lórí rẹ̀ ni súìṣì tíńtín kan. Súìṣì yìí ni wọ́n fi ń tàn án, òun ni wọ́n fi ń pa á, òun náà ni wọ́n sì fi ń sọ fún un bóyá kí orin máa tẹ̀ lé ara wọn tàbí kó máa mú èyí tó bá wù ú. Nígbà tó fi máa di ọdún kan ààbọ̀, Apple ti dá bọ́tìnnì padà.

Kí ló fa àyípadà méjèèjì? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ẹ̀rọ tí shuffle jẹ́. iPod àkọ́kọ́, tó jáde lọ́dún 2001, ní ojú tí èèyàn ń wò láti rí orúkọ orin, ó sì ní róbótó kan tí àtàǹpàkò ń yí. Shuffle tó dé ní oṣù Kìíní ọdún 2005 kò ní ojú rárá. Wọ́n yọ ọ́ kúrò kí ẹ̀rọ lè fúyẹ́, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Dọ́là 99 ni wọ́n ń ta èyí tó rọjú jù nínú wọn. Ẹni tó ń sáré láàárọ̀, ẹni tó ń fọ aṣọ, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, kò sí ìkankan nínú wọn tó nílò àtimáa wo ohun tó wà lápò rẹ̀. Àtàǹpàkò á kàn wọ inú àpò lọ, á mọ ibi tí wọ́n ti ń fo orin, á mọ ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn kù, kódà nínú òkùnkùn. Ìka ni ojú ẹ̀rọ tí kò lójú.

Ìran kejì, tó jáde lọ́dún 2006 ní dọ́là 79, tún un ṣe sí i: ara rẹ̀ di alumíníọ̀mù, wọ́n sì fi ohun tí a fi ń há a mọ́ aṣọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni ìrísí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Àfi bí ìran kẹta ṣe dé. Wọn ò pa iṣẹ́ bọ́tìnnì rẹ́ o. Orí okùn íápíìsì etí ọ̀tún ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tẹ àárín kọ́ńtíróò tó wà lórí okùn náà lẹ́ẹ̀kan, orin á bẹ̀rẹ̀ tàbí kó dúró. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fò sí orin tó kàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà sẹ́yìn. Ohun tí ìka ń ṣe láìronú tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí èèyàn ń kà bí ẹni ń ka owó.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló burú. Ẹni tó bá ti lo íápíìsì rí mọ̀ pé okùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Á lọ́, á há sẹ́nu ilẹ̀kùn, òógùn á wọ inú rẹ̀, etí kan á dákẹ́, èkejì á tẹ̀ lé e. Ibi tó ṣaláìlera jù lára ẹ̀rọ yẹn gan-an ni wọ́n kó agbára rẹ̀ lé. Èèyàn ò sì lè ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà kó lọ fi dípò rẹ̀, nítorí ohun bíńtín kan wà nínú okùn ti Apple tó ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Bí íápíìsì kò bá ní in, ẹ ò lè fo orin, ẹ ò lè dín ohùn rẹ̀ kù. Ẹni tó fẹ́ràn íápíìsì tirẹ̀ tó ti rà lówó gọbọi ní láti gbé e sílẹ̀.

Síbẹ̀, ohun rere kan bá ìran kẹta yìí wá, ó sì yẹ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tẹ àárín kọ́ńtíróò rẹ̀ tẹ́ ẹ ò tètè fi í sílẹ̀, ohùn kan á pe orúkọ orin àti ti olórin sí yín létí. VoiceOver ni wọ́n pè é. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ohùn náà, nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń kó orin sórí ẹ̀rọ, orúkọ kọ̀ọ̀kan á sì bá orin rẹ̀ wọlé. Fún ẹni tí kò ríran, àǹfààní ńlá nìyẹn.

Èdè 14 ni ohùn náà gbọ́ nígbà tó jáde. Faransé wà níbẹ̀, Potogí wà níbẹ̀, Tọ́kì náà wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èdè wa gan-an ló yẹ kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ kọ́ dáadáa, nítorí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà tẹ gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó kó orin Àyìnlá Ọmọwúrà sórí shuffle rẹ̀ kò lè retí kí ohùn àjèjì pe orúkọ àgbà olórin yẹn bó ṣe yẹ.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, Steve Jobs, ọ̀gá àgbà Apple nígbà náà, dúró lórí pèpéle ní San Francisco, ó sì gbà lójú gbogbo ayé pé àwọn èèyàn ń ṣàárò bọ́tìnnì. Ìran kẹrin tó gbé jáde lọ́jọ́ náà kó ohun tó dáa nínú àwọn aṣáájú rẹ̀ pọ̀: bọ́tìnnì ìran kejì padà sójú rẹ̀, ohùn ìran kẹta kò sì lọ, wọ́n tiẹ̀ fún un ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí 15 níbi tí ti ìran kẹta ti ń lo 10. Dọ́là 49 ni wọ́n ń tà á. Lóòótọ́, àyè orin rẹ̀ dín sí 2GB, nígbà tí ìran kẹta ti fi 4GB bẹ̀rẹ̀. Gíráàmù 12.5 ni ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi lé e kò pé gíráàmù méjì, òun náà ló sì dá àtàǹpàkò padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó yani lẹ́nu pé lọ́jọ́ kan náà yìí, Apple yọ róbótó, kámẹ́rà àti fídíò kúrò lára iPod nano, mọ̀lẹ́bí shuffle. Ní 2012, fídíò padà sórí òun náà.

Shuffle ìran kẹrin kò tún yí padà mọ́, àfi àwọ̀ rẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀ títí di ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí Apple dáwọ́ títà rẹ̀ dúró.