Owó Orí Nínú Owó Ọ̀sẹ̀ Òṣìṣẹ́: Èló Ló Yẹ Kí Ọ̀gá Yọ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ní òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀, ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, láti Máfolúkù dé Ìlasamájà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé la máa ń sanwó fún òṣìṣẹ́: ẹni tó ń bá wa tajà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, èló ló yẹ kí ọ̀gá yọ fún owó orí nínú owó ọ̀sẹ̀ yẹn?

Òfin tí à ń lò báyìí ni Òfin Owó Orí Nàìjíríà ti ọdún 2025. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí i lóṣù Júùnù ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì ọdún 2026. Ìṣirò àtijọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti orí náírà 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ní ìwé ìṣirò yẹn lọ́wọ́, kó yáa gbé e sápá kan.

Nínú òfin tuntun yìí, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ni à ń san náírà 15 lé lórí nínú ọgọ́rùn-ún. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, náírà 18 ni. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí yóò fi dé náírà 25 lórí owó tó bá ju ₦50,000,000 lọ.

Ẹ wá ṣàkíyèsí o: ọdún ni òfin ń kà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìṣirò náà pín sí.

Ìkíní, ẹ fi 52 sọ owó ọ̀sẹ̀ di púpọ̀, kó lè di owó ọdún. Ìkejì, ẹ yọ ohun tí òfin ní kí ẹ yọ. Èyí tó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn jù ni owó ilé: ẹni tó ń háyà ilé gbé yóò yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó san lọ́dún, bí kò bá ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Òṣìṣẹ́ ní láti mú rìsíìtì onílé wá o. Ìkẹta, ẹ yọ ₦800,000, kí ẹ sì ṣírò owó orí lórí ìyókù. Ìkẹrin, ẹ fi 52 pín owó orí náà, kó lè di ti ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú òṣìṣẹ́ kan tó ń gba ₦25,000 lọ́sẹ̀, tí owó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦300,000 lọ́dún. Owó ọdún rẹ̀ jẹ́ ₦1,300,000. Ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé jẹ́ ₦60,000. Ó ku ₦1,240,000. A yọ ₦800,000, ó ku ₦440,000. Náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí jẹ́ ₦66,000 lọ́dún. Bí a bá fi 52 pín in, ó di ₦1,269 àti kóbọ̀ 23 lọ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá kàn gbọ́ "náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún," tó sì lọ yọ ọ́ lórí gbogbo ₦25,000, ₦3,750 ni yóò máa yọ lọ́sẹ̀. Nígbà tí ọdún bá fi yípo, yóò ti gba ₦195,000. Ìyẹn ni pé ₦129,000 ti kúrò lápò òṣìṣẹ́ lọ́nà àìtọ́. Owó yìí lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ! Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ lọ kò ní owó orí í san rárá. ₦70,000 lóṣù ni wọ́n fi í sí lọ́dún 2024, ìyẹn ₦840,000 lọ́dún. Nítorí náà, ẹni tó ń gba ₦16,000 lọ́sẹ̀, tí tirẹ̀ jẹ́ ₦832,000 lọ́dún, ẹ má yọ kóbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó pẹ́ńṣàn tí òṣìṣẹ́ ń san náà wà lára ohun tí à ń yọ kí a tó ṣírò. Owó ìdáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ńkọ́? Rárá o, ìyẹn kò dín owó orí kù. Bí ọ̀gá bá sì fún òṣìṣẹ́ ní ₦50,000 fún ọdún Kérésìmesì, ó ń wọ inú owó ọdún ni. Fún òṣìṣẹ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, ₦7,500 ni owó orí rẹ̀.

Níbo wá ni owó náà ń lọ? Àbújá ni òfin ti wá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Èkó, LIRS ni kí ẹ san án fún. Ẹni tó ń ti Sángo Ọ̀tà wá ṣiṣẹ́ l'Óṣòdì lójoojúmọ́, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni tirẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e ni kí owó ti wọlé. Tó bá di ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì, ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé gbogbo ohun tó san àti ohun tó yọ lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, owó tí ẹ yọ kì í ṣe owó yín mọ́, ẹ má fi ra ọjà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ béèrè fún ìwé tó fi iye tí wọ́n yọ hàn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò ìwé ẹ̀rí pé ẹ ń san owó orí, àkọsílẹ̀ ni yóò gbè yín. Ẹni tí kò bá yé, kó mú búkù owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, a ó jọ ṣírò rẹ̀. Ire o.